Èémí Tó Wà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì náà ni híhanrun. Kì í ṣe pé n kò gbọ́ híhanrun rí. Èmi Kọ́pírà Bámidélé tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ìyàwó mi ti kó ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá àwọn ọmọ nítorí tèmi. Ṣùgbọ́n ti ọkùnrin yìí kọjá àfẹnusọ. Ó ń dún bí ẹni ń wọ́ àpótí lórí sìmẹ́ńtì. Bó ṣe ń dún lọ, ó ṣàdédé dákẹ́. A ò gbọ́ híhan, a ò gbọ́ mímí.

Àárọ̀ Sátidé kan ni, nínú oṣù kẹwàá ọdún 1978. Àwa mẹ́ta la jókòó yí tábìlì ká ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá wa ní Adó-Èkìtì. Èmi ni mo ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú ẹ̀rọ, mo tẹ bọ́tìnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní kíá. Bó ṣe dákẹ́ yẹn, mò ń kà nínú ọkàn mi. Mo ka oókan dé ọgbọ̀n, ìdákẹ́jẹ́ náà ò tíì tán. Lẹ́yìn náà nǹkan dún gbà! gbà! bí ìgbà tí wọ́n ń gbá ènìyàn lẹ́yìn, ohùn obìnrin sì sọ pé, "Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ yí padà! Mo ní ẹ yí padà!" Ọkùnrin náà kérora, ó fa èémí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú odò, híhanrun sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá wa na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ náà.

"Kí la tún ń wá? Obìnrin yẹn lù ú, ó sì fi ìrọ̀rí dí i nímú. Ọjọ́ Ajé, ó di ilé ẹjọ́. Ẹ̀sùn ìpànìyàn ni."

Ẹni kẹta tó wà pẹ̀lú wa ń wo ẹ̀rọ náà. Ínsípẹ́kítọ̀ Ọlátúbọ̀sún ni, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán sí wa láti Àkúrẹ́. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó fi òwú so apá dígí ojú rẹ̀ tó ti kán. Kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, àní ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olè. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìwà yẹn ń bí mi nínú díẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀ ná, ọ̀gá," ló wí. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ẹni tó kú ni Ọ̀gbẹ́ni Olúfúnṣọ́ Ọláoyè, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Ìlá. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, ó sanra, ọrùn rẹ̀ kì, wọ́n sì fi í ṣe Bàbá Ìjọ. Àárọ̀ Fúráìdé ni wọ́n bá òkú rẹ̀ lórí ibùsùn. Ìrọ̀rí mẹ́ta wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ojú ọ̀kan tutù fún itọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Adéfúnkẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ìgbẹ́mọ, ti wá kí i láti Ìgbẹ́mọ-Èkìtì ní Ọjọ́bọ̀. Òun ló ké tí àdúgbò fi pé lé wọn lórí. Ó ní ìyàwó ló fi ìrọ̀rí yẹn pa àbúrò òun. Nígbà tí a dé ibẹ̀, a bi ìyàwó náà, Monínúọlá, bóyá òótọ́ ni. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́, a sì mú un lọ sí àtìmọ́lé. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà lórí àga kékeré lápá ìgbèrí òkú, a kó òun náà.

Ọmọ mẹ́ta ni obìnrin yìí bí. Bí ilé ẹjọ́ bá gbà pé ó pa ọkọ rẹ̀, okùn ló kù. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ìyẹn, nítorí èmi gbàgbé ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà. Mo ti dá ẹjọ́ ní tèmi.

*

Ìyá Ìgbẹ́mọ kò jẹ́ ká bi òun léèrè kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni bí ọgọ́ta ọdún ni, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ẹ sì mọ ará ilé wa, àwọn àgbà Èkìtì kò mọ "ẹ̀yin." Ìwọ ni gbogbo ènìyàn, ọba ìbáà ṣe, ọlọ́pàá ìbáà ṣe.

"Ọmọ mi, o ti gbọ́ inú ẹ̀rọ yẹn àbí o ò gbọ́?" ló bi Ínsípẹ́kítọ̀. "Ó ń lù ú. Ó ti pẹ́ tó ti ń lù ú. Ṣé urọ́ ni mo pa?"

"Irọ́ kọ́, Ìyá. Ẹ ṣeun. Ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé ó ń lù ú?"

"Àbúrò mi wá sí Ìgbẹ́mọ níjọ́ Àjíǹde, ó jókòó, ó sùn. Ó ń jẹun lọ́wọ́, ó sùn. Mo ní kí ló dé? Ó ní ìyàwó òun kì í jẹ́ kí òun sùn lóru, gbogbo ìgbà ló ń gbá òun jí. Ọkùnrin tó ń ṣuṣẹ́ látàárọ̀!" Ó fi etí aṣọ nu imú. "Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Ìyá wa kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì, ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí. Má sọ fún mi pé kí n má sunkún."

"N kò ní kẹ́ ẹ má sunkún, Ìyá. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, níbo lẹ sùn?"

"Yàrá àlejò. Ulé yẹn fẹ̀."

"Ẹ wọ yàrá rẹ̀ lóru?"

Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Mo lọ kí i pé ó dàárọ̀. Kí ló burú ńbẹ̀?"

"Kò burú. Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, níbo ló sùn?"

"Bi í! Òun lo tì mọ́lé, kì í ṣe èmi. Ọjọ́ Ajé la fẹ́ gbé òkú lọ sí Ìgbẹ́mọ. Mo sì ti sọ fún gbogbo ẹbí pé ìyàwó yẹn ò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Kò ní da yẹ̀pẹ̀ sí i lára."

Ínsípẹ́kítọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sin ín jáde. Ní tòótọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi, mo sì tún rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

*

Wọ́n mú Monínúọlá wá. Olùkọ́ ni òun náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni bí ogójì ọdún ó lé díẹ̀. Kò tíì jẹun láti Fúráìdé. Ínsípẹ́kítọ̀ kò jókòó títí obìnrin náà fi jókòó.

"Ṣé ẹ pa ọkọ yín, mà?"

Ó dákẹ́.

"Ṣé ẹ lù ú?"

Ó dákẹ́.

"Ta ló wà nínú yàrá nígbà tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́?"

Èyí ló mú kó gbé ojú sókè. "Àgbà wà nínú ilé, sà. Èmi kọ́ ni n ó ṣáájú wọn sọ̀rọ̀."

"Bẹ́ ò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbé yín lọ sílé ẹjọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀bùnọlá àti àwọn àbúrò rẹ̀ ńkọ́?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀, ó ń ro tótó sórí ọwọ́ rẹ̀, kò nù ún. Ohun kan ṣoṣo ló sọ kó tó padà sí àtìmọ́lé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sin ín láìsí mi níbẹ̀."

Nígbà tó jáde tán, mo ní, "Sà, ẹni tí kò jẹ̀bi á jà fún orí ara rẹ̀."

"Tàbí kó rò pé òun jẹ̀bi nǹkan mìíràn," ni Ínsípẹ́kítọ̀ dáhùn. "Ta ló ni ẹ̀rọ náà?"

*

Dókítà kan ló ni í. Dókítà Ayọ̀kúnlé kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó ti òkè òkun dé, ó sì ṣí ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Ìyìn. Nígbà tí a débẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, kò sí aláìsàn kankan níwájú ilé. Ìròyìn ti ṣáájú wa dé. Wọ́n ní ẹ̀rọ dókítà fa èémí ọ̀gá Ọláoyè sínú kásẹ́ẹ̀tì, ìdí nìyẹn tí kò fi kù fún un mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ ọlọ́pàá méjì tó gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́.

"Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń mí lójú oorun ni," ni dókítà wí. "Àìsàn kan wà tí àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀. Bí ènìyàn bá sùn, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á rọ̀, á dí. Èémí á dúró. Ara á ta á jí díẹ̀, á mí, á tún sùn. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì ní mọ̀. Ohun tó máa mọ̀ ni pé ó ń sùn lọ́sàn-án níbi tó ti ń kọ́ ọmọ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò yẹ̀ ẹ́ wò níbí?"

"N kò ní ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Lọ́hùn-ún, wáyà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ aláìsàn lórí. Mo rò pé bí mo bá yá a ní rédíò kásẹ́ẹ̀tì mi, tó gbé e lọ sílé, tó sùn sórí ibùsùn ara rẹ̀, ohun tí mo bá gbọ́ yóò tó kọ sínú lẹ́tà tí wọ́n á fi gbà á wọlé ní Ìbàdàn. Mo fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ han ìyàwó rẹ̀. Kó jẹ́ kó sùn díẹ̀, kó tẹ bọ́tìnì méjèèjì pọ̀."

"A gbọ́ tí obìnrin náà ń lù ú."

Dókítà wò wá bí ẹni pé a bú u. "Lù ú kẹ̀? Ó ń jí i ni! Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin yẹn ti ń sùn tí etí rẹ̀ kan kì í sùn. Bí èémí ọkọ rẹ̀ bá dúró, á kà dé ọgbọ̀n, á gbá a lẹ́yìn, á yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Mo sọ fún un pé kó má dáwọ́ dúró, àní lálẹ́ ìdánwò. Ínsípẹ́kítọ̀, ọwọ́ yẹn ló ń mú un wà láàyè."

Ojú tì mí. Mo rántí bí mo ṣe fa apá obìnrin náà ní Fúráìdé.

"Àwọn ìrọ̀rí mẹ́ta yẹn ńkọ́?" ni Ínsípẹ́kítọ̀ béèrè.

"Èmi ni mo ní kó máa lò wọ́n, kí orí rẹ̀ lè ga. Mo sì kìlọ̀ fún un: kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ pẹrẹsẹ, kò gbọ́dọ̀ lo oògùn oorun, kò gbọ́dọ̀ mu ọtí. Ọtí á jẹ́ kí ọ̀fun yẹn rọ̀ sí i, kò sì ní jẹ́ kí ara ta á jí. Nígbà tí mo béèrè nípa ọtí, òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí mi. Bàbá Ìjọ! Ó ní ọdún kọkàndínlógún rèé tí òun ti fẹnu kàn án kẹ́yìn."

*

A rò pé a ti rí ọ̀nà. Lọ́sàn-án Àìkú, àbájáde àyẹ̀wò òkú dé láti ọ̀dọ̀ dókítà ìjọba, gbogbo rẹ̀ sì tún dojú rú. Kò sí ọgbẹ́ lẹ́nu, kò sí àmì lọ́rùn. Èémí ló tán. Ṣùgbọ́n ọtí líle wà nínú ikùn Bàbá Ìjọ, kò sì kéré.

Inú ọ̀gá wa dùn. "Mo sọ! Ta ló ń dáná fún un? Ìyàwó ló fún un lọ́tí, nígbà tó yó tán ló fi ìrọ̀rí bò ó. Kò sí àmì nítorí kò lè jà."

Ínsípẹ́kítọ̀ Ọlátúbọ̀sún tún dígí rẹ̀ so. "Kọ́pírà, jẹ́ ká lọ sí Òkè-Ìlá."

Ilé náà kún fún ẹbí. A kí wọn kú àmúmọ́ra, a wọ yàrá. Ínsípẹ́kítọ̀ wá abẹ́ ibùsùn, ó ṣí àpótí aṣọ, ó yọ Bíbélì àti ìwé orin kúrò lórí pẹpẹ, ó wo ẹ̀yìn wọn. Kò sí ọtí. Ó bi Ìyá Ìgbẹ́mọ lẹ́nu ọ̀nà bóyá àbúrò rẹ̀ ń mutí níkọ̀kọ̀.

"Ẹ̀ṣẹ̀ mà ni! Ta ló sọ ọ́? Òun tó lé ọkọ ọmọ mi jáde nítorí bíà! Wọ́n fẹ́ fi urọ́ ba orúkọ òkú jẹ́ ni."

Mo rí i pé òótọ́ inú rẹ̀ ló ń sọ. Ínsípẹ́kítọ̀ náà rí i. Ó dúró láàárín yàrá, ó ń wo igun kan níbi tí ife kan àti ìgò kan wà. Gbòǹgbò àti èèpo igi ló kún inú ìgò náà, omi inú rẹ̀ pọ́n, ó sì ti dín sí ìdajì.

"Kí nìyẹn?"

"Àgbo ni, sà," ni mo dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn. "Àgbo jẹ̀dí."

"Èmi ni mo gbé e wá fún un láti Ìgbẹ́mọ," ni Ìyá wí. "Ó ń ṣiṣẹ́ lára, ó ń jẹ́ kéèyàn sùn."

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ni Ínsípẹ́kítọ̀ wí. A jáde.

Ìgbà tí a wọ mọ́tò, tí a ti ń sún mọ́ oríta Fájuyì, ló tó yíjú sí mi.

"Bámidélé, ṣé o máa ń mutí?"

"Rárá o, sà. Ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà."

"Láàárọ̀ yìí ńkọ́?"

"N kò mu nǹkan kan, sà."

"Nǹkan kan, nǹkan kan?"

"Àgbo díẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

"Kí ni wọ́n fi rẹ ẹ́?"

Ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Mo mọ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi rọ ọ́ sínú ìgò. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń mu ún láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, àti ní Àìkú kí n tó lọ kọrin, kò sì dé ọkàn mi rí pé ọtí ni mò ń mu. Àgbo ni. Bí ẹ bá fi Bíbélì lé mi lọ́wọ́, n ó búra, n kò sì ní mọ̀ pé mo ṣẹ̀.

"Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń sọ òótọ́," ni Ínsípẹ́kítọ̀ wí. "Òkú sọ òótọ́ fún dókítà. Ìyàwó sọ òótọ́. Ìyá yẹn sọ òótọ́ níwájú mi. Dókítà ti pẹ́ jù ní òkè òkun, kò rántí béèrè nípa àgbo."

"Ṣé Ìyá ló fún un, sà?"

"Òun ló gbé e wá. Ta ló fún un mu, ìgbà wo, ta ló kó ìrọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, níbo sì ni obìnrin tó ń fi ọwọ́ jí i wà? Ọ̀gá rẹ á ní òun náà ló bu àgbo fún un. Mo nílò ẹni tó wà ńbẹ̀." Ó tún kọjú sí mi. "Nígbà tó o ti kásẹ́ẹ̀tì yẹn bọ inú ẹ̀rọ lánàá, ṣé o kọ́kọ́ dá a padà sẹ́yìn?"

"Rárá, sà. Mo kàn tẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀."

"Bí wọ́n ṣe bá a nínú ẹ̀rọ ní Fúráìdé náà lo ṣe tọ́jú ẹ̀?"

"Mo yọ ọ́, mo fi í sínú àpòòwé. Nígbà tí mo fẹ́ lò ó, mo rí i pé dókítà kọ 'Ọláoyè' sí ojú kan, ojú yẹn ni mo kọ sókè. Ojú kejì òfìfo ni."

"Ta ló sọ fún ẹ pé òfìfo ni?"

"Kò sí nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀, sà."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Gbọ́. Bí wọ́n bá gba ohùn sí ojú kìn-ín-ní títí tó fi tán, gbogbo okùn rẹ̀ á ti wé sí apá kan. O ò lè gbọ́ nǹkan kan lójú yẹn láìjẹ́ pé o dá a padà. Ìwọ ò dá a padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kan péré ni ìyẹn fi lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ti yí i sí ojú kejì, ó sì ti lọ dé òpin. Ọjọ́ méjì la fi ń dá ẹjọ́ lórí ìdajì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òun ni àgbà òṣìkà."

*

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ́fíìsì ọ̀gá wa kún. Ọ̀gá wà lórí àga rẹ̀, ó ń wo aago nítorí ilé ẹjọ́. Dókítà dúró lẹ́bàá fèrèsé. Monínúọlá jókòó, Ìyá Ìgbẹ́mọ jókòó sí òdìkejì, ó kẹ̀yìn sí i. Mọ́tò tí yóò gbé òkú lọ sílé ti ń dúró níta. Mo yí kásẹ́ẹ̀tì náà sí ojú kejì, mo tẹ bọ́tìnì.

Híhanrun ló bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́. Gbà, gbà. "Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ yí padà." Èémí padà. Lẹ́yìn náà, ìlẹ̀kùn dún, ohùn mìíràn sì wọlé, Ìyá Ìgbẹ́mọ sì gbọ̀n lórí àga nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Kí lò ń lu àbúrò mi fún? Látàárọ̀ tó ti ń ṣuṣẹ́, alẹ́ lẹ́, o ò tún jẹ́ kó sùn!"

"Ìyá, dókítà ló ní—"

"Dókítà kí ni? Ṣé dókítà ló pọ̀n ọ́n? Jáde. Lọ sùn sí yàrá àwọn ọmọ."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, bó bá dákẹ́—"

"Kó dákẹ́ ni mo fẹ́! Jáde, mo ní o ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá yìí mọ́ títí ulẹ̀ ó fi mọ́."

Ìlẹ̀kùn dún. Ife kan ìgò. Ohùn Ìyá wá rọ̀, ó rọ̀ débi pé n kò mọ ibi tí n ó gbójú sí.

"Olúfúnṣọ́, dìde, mu èyí tó kù. Mu ún tán. Ẹn-ẹ́n. Kí ni gbogbo ìrọ̀rí yìí, àga lo wà ni?" Nǹkan já lulẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. "Na ara rẹ gbọọrọ. Kò sẹ́ni tí ó jí ọ mọ́. Sùn, ọmọ ìyá mi."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Ínsípẹ́kítọ̀ kò pa ẹ̀rọ náà, ọ̀gá kò sì ní kó pa á. Ó lé ní ìdajì wákàtí tí a fi jókòó tì í. Híhanrun náà ń wúwo sí i. Ó dákẹ́, mo kà dé ogójì, ó mí. Ó dákẹ́, mo kà dé ọgọ́ta, ó mí. Dókítà ti kọjú sí fèrèsé, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó tún dákẹ́. Mo kà dé àádọ́rùn-ún, n kò lè kà mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí lọ, kò sí ohun kankan nínú rẹ̀ mọ́, títí ó fi tán tí bọ́tìnì fi ta sókè fúnra rẹ̀.

"Mo ní kó sùn ni," ni Ìyá Ìgbẹ́mọ wí. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. "Mo ní kó sùn ni, ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gá wa ṣí ìwé òfin rẹ̀, ó pa á dé. Òfin wo ló fẹ́ kà? Ó fa ìwé ẹ̀sùn tó ti kọ ya, ó ní Monínúọlá lè máa lọ sílé. Ohùn rẹ̀ kò dún bí ti ọ̀gá.

Ìyá dìde. Ó rìn yí tábìlì ká, ó dé iwájú ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó kúnlẹ̀. N kò rí irú ẹ̀ rí, kí ọmọ ilé kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé. Gèlè rẹ̀ já bọ́, kò mú un.

"Dárí jì mí. Èmi ni. Ọwọ́ mi ni."

Monínúọlá wò ó.

"N kò lọ sí yàrá àwọn ọmọ, Ìyá. Mo dúró nínú òkùnkùn títí ẹ fi kọjá, mo wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Gbogbo èyí tí wọ́n gbọ́ nínú ẹ̀rọ yìí, mo gbọ́ ọ lóru ọjọ́ yẹn. Nígbà tó dákẹ́ kẹ́yìn, mo kà dé igba. Ọwọ́ mi wà lára ìlẹ̀kùn."

"Kò tì!" ni Ìyá ké. "Ìlẹ̀kùn yẹn ò tì! Kí ló dé tí o ò wọlé?"

"Ẹ ní n kò gbọ́dọ̀ wọlé."

Ínsípẹ́kítọ̀ Ọlátúbọ̀sún, tó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, bọ́ dígí rẹ̀ kúrò lójú. Ọkùnrin mẹ́rin ló wà nínú ọ́fíìsì yẹn, gbogbo wa la gbéyàwó, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó lè ní ohun tí obìnrin yìí ṣe kò tọ́. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe kọ́ àwọn ìyàwó tiwa. Dẹ́rẹ́bà fọn fèrè lóde pé ilẹ̀ á ṣú kí àwọn tó dé Ìgbẹ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni aago mẹ́sàn-án ò tíì lù. Monínúọlá bẹ̀rẹ̀, ó mú Ìyá lápá, ó gbé e dìde, àwọn méjèèjì sì jọ jáde lọ sin ín.